Ẹ Gbọ́ Àwo Kí Ẹ Tó Díye Lé E

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Òjòwò àti gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó tí ẹ ti ń kó àwo àpàlà jọ, iṣẹ́ tí ẹ dáwọ́ lé dára, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ yín ti bẹ̀rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó. Ohun tó ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín ni pé, ṣé àkọ́tẹ̀ ni àbí àtúntẹ̀, èló sì ni? Ohun tí olórin ṣe sínú àwo ló yẹ kó ṣáájú. Ìlú yìí gan-an ni ẹ̀rí wà. Lọ́dún 1948, Hárúnà Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, ṣe àwo fún ilé-iṣẹ́ His Master's Voice, ó fi kọrin nípa Orímolúṣì Ìjẹ̀bú-Igbó, Ọba Adébóyè. Àwo náà kò tà. Lẹ́yìn tí ọba wàjà, ó tún orin náà kọ, ó mẹ́nu ba ikú ọba nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 1955. Èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì ló gbé orúkọ rẹ̀ ga. Ẹnì kan lè ní àtúnkọ kì í ṣe àtúntẹ̀. Òótọ́ ni, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Síbẹ̀, ó fi hàn pé jíjẹ́ àkọ́kọ́ nìkan kò sọ àwo di iyebíye. Ẹ tún wo Oroki Social Club, àwo Hárúnà tó jáde lọ́dọ̀ Decca lọ́dún 1971. Wọ́n ní ó tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Àwo tó kárí ilé báyẹn, ọ̀wọ́n kọ́ ló fún un níyì.

Ní 2020, ilé-iṣẹ́ Soul Jazz ní Lọ́ńdọ̀nù kó orin àwọn ẹgbẹ́ àpàlà láti 1967 sí 1970 sínú àwo ńlá méjì nínú páálí kan ṣoṣo, Hárúnà sì wà níbẹ̀. Ó yẹ ká yìn wọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ti tipa bẹ́ẹ̀ mọ àpàlà. Ṣùgbọ́n ohun kan lè sọnù nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀. Àwo àtijọ́ tó máa ń fọ́ bí abọ́ kò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lójú kan. Nígbà tí àwo ńlá dé, tó ń gba ogún ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀, olórin ráyè ki ẹni kan tán kó tó bọ́ sórí ẹlòmíràn, kí ìlù sì yí pa dà lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá yọ orin kan kúrò níbẹ̀, tí a fi ti ẹlòmíràn tẹ̀ lé e, orin wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ètò tí olórin fi tò ó ti túká. Nítorí náà, ẹ fi irú àkójọ bẹ́ẹ̀ mọ ọ̀nà, kí ẹ sì wá odidi àwo lọ. Ẹ jẹ́ kí ojú kan parí kí ẹ tó gbé abẹ́rẹ́. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan fún agídìgbo, lẹ́ẹ̀kan fún ṣẹ́kẹ́rẹ́, lẹ́ẹ̀kan fún ìlù, kí ẹ tó dúró ti ọ̀rọ̀ àti ègbè. Hárúnà kò lo gìtá, kò lo fèrè òyìnbó. Nítorí náà, kò sí ọwọ́ onílù kan tó fara sin.

Àwọn kan á ní ohùn àkọ́tẹ̀ ló dùn jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ bí àwo bá ṣì mọ́. Èyí tí wọ́n ti lò ní òde àríyá fún ọdún gbọọrọ, abẹ́rẹ́ ti jẹ ẹ́. Ẹ bi olùtúntẹ̀ pé téèpù ni ó ti mú ohùn, àbí àwo mìíràn. Ẹ tún bi í bóyá ẹbí olórin gbà nínú owó rẹ̀, nítorí Hárúnà mọyì pé kí olórin ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀: òun àti I. K. Dairo, olórin jùjú, ló dá STAR Records sílẹ̀ lọ́dún 1969, ó sì tún gbé ilé-iṣẹ́ Phonodisk kalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí. Àtúntẹ̀ tí kò dáhùn ìbéèrè méjèèjì, bí páálí rẹ̀ ti wù kó dán tó, ẹ fi sílẹ̀.

Àwọn àgbà ilé yín ṣì ní àwo Phonodisk ní yàrá. Ẹ lọ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì gbà á tòun ti páálí, torí orúkọ àwọn onílù àti ọdún lè wà níbẹ̀.