Òtútù Inú Ilé ní Ìlú Ọba: Ohun Tó Ń Náni àti Ohun Tó Ń Ṣe fún Ara

Ọ̀pọ̀ òbí ní ilẹ̀ Yorùbá ló ti rí i lójú fóònù: ọmọ tó wà ní Ìlú Ọba jókòó sínú yàrá rẹ̀, ó wọ kóòtù, ó dé fìlà onírun, ó sì ká aṣọ ìbora mọ́ ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé ìta ló wà ni, á ní inú ilé ni, òun kàn pa ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná kí owó má baà tán. Òbí á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlera ni, pàápàá fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, àti àwọn ìyá àgbà tó ń lọ bá ọmọ wọn wẹ ọmọ tuntun lọ́hùn-ún.

Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ ìlú Jos lè rò pé òun mọ òtútù. Ọyẹ́ a máa mú lóru, oòrùn a sì ràn lọ́sàn-án. Ní Ìlú Ọba, láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, òtútù a máa wọ inú ògiri, a sì jókòó síbẹ̀. Ilé tiwa, a kọ́ ọ kí ooru lè jáde. Ilé tiwọn, wọ́n kọ́ ọ kí ooru má baà jáde. (Bóyá ìdí nìyí tí èdè wa kò fi ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún iṣẹ́ mímú ilé gbóná.) Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé wọn ló ti gbó, tí atẹ́gùn ń gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọlé, irú rẹ̀ ló sì sábà ń bọ́ sọ́wọ́ àlejò tó ń wá ilé olówó pọ́ọ́kú.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, gáàsì ló ń mú omi gbóná nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní bọ́ílà. Omi náà á gba inú páìpù lọ sínú àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà lára ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan. Ofgem, àjọ tó ń ṣàkóso ọjà gáàsì àti iná mànàmáná, ló ń fi gbèdéke lé iye tí àwọn ilé iṣẹ́ lè gbà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, gbèdéke náà jẹ́ pọ́n-ùn 1,277 lọ́dún fún ilé tó ń lo ìwọ̀nba. Iye gáàsì ti ń gòkè nígbà náà. Ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine sì tún dá kún un, tó fi jẹ́ pé ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ó yẹ kó di 3,549 bí kì í bá ṣe pé ìjọba dá sí i, tó fi dúró sí 2,500. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ó jẹ́ 1,755. Ó wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò padà síbi tó ti kúrò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ àlejò ti ń ṣìṣe nìyí. Ní ìparí ọdún 2025, yúníìtì iná mànàmáná kan ń gba nǹkan bí pẹ́ńsì 26, ti gáàsì ń gba nǹkan bíi pẹ́ńsì 6. Hítà kékeré oníná tó ń fa wáàtì 2,000 a máa jẹ yúníìtì méjì ní wákàtí kan, ìyẹn pẹ́ńsì 52. Bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, ó lé ní pọ́n-ùn 5. Láàárín oṣù kan, ó ti lé ní 150, nínú yàrá kan ṣoṣo. Ẹni tó pa bọ́ílà tó sì ń lo hítà nítorí pé hítà kéré, òun gan-an ló ń náwó jù. Aṣọ ìbora oníná tó ń fa wáàtì 100, ẹ̀wẹ̀, kì í gbà ju bíi pẹ́ńsì mẹ́ta lọ ní wákàtí kan.

Mítà tí a ń san owó sí ṣáájú kò ṣàjèjì sí wa ní Nàìjíríà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé tiwọn ní owó ojoojúmọ́ tó ń ka lọ yálà a lo gáàsì tàbí a kò lò ó. Ẹni tí kò fi owó sí i látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lè rí i pé owó tó kọ́kọ́ fi sí i nígbà òtútù, gbèsè ló jẹ ẹ́.

Kí wá ni òtútù ń ṣe fún ara? Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2018, wọ́n dámọ̀ràn pé kí inú ilé má ṣe tutù ju ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì 18 lọ. Bí òtútù bá mú wa, iṣan ẹ̀jẹ̀ á súnkì kí ooru ara má baà tán. Ẹ̀jẹ̀ á wá máa gba ojú ọ̀nà tóóró, ìfúnpá rẹ̀ á ròkè, ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ á sì ki díẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ fi ń pọ̀ sí i nígbà òtútù, ìpalára náà sì lè fara hàn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà níwọ̀n nígbà tó kúrò ní Ìbàdàn lè bá a lókè lọ́hùn-ún láìjẹ́ pé ó fo oògùn kankan.

Ti ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iṣan bá súnkì, ẹ̀jẹ̀ á falẹ̀, àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé á há, ìrora egungun á sì bẹ̀rẹ̀. Kò dìgbà tí yìnyín bá bọ́. Kí ó kàn ti inú omi ìwẹ̀ gbígbóná bọ́ sínú yàrá tútù ti tó.

Ilé tútù tún máa ń rin. Bí a bá ti fèrèsé pa, tí a ń sá aṣọ tútù nínú yàrá, omi á lẹ̀ mọ́ ògiri, ògiri á sì bu bí búrẹ́dì tó pẹ́ ṣe ń bu, pẹ̀lú àwọn àmì dúdú. Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì, kú ní ìlú Rochdale ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Ní ọdún 2022, adájọ́ tó wádìí ikú rẹ̀ sọ pé irú ògiri bẹ́ẹ̀ ló fa àìsàn èémí tó pa á. Òfin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, lórí ilé ìjọba ìbílẹ̀ àti ti àwọn àjọ tó ń pèsè ilé. Ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀ lẹ́yìn ìdáná àti ìwẹ̀, bó ti wù kí òtútù mú tó.

Èyí tó léwu jù ni kí a gbé eédú wọlé, tàbí kí a tan sítóòfù gáàsì sílẹ̀ kí ilé lè gbóná. Carbon monoxide, gáàsì tí kò ní òórùn, ló ń tinú wọn jáde. Òun náà ló ń pa odindi ìdílé níbí nígbà tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sún mọ́ yàrá. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí èébì ń gbé wọn, tó sì ń fúyẹ́ bí wọ́n bá jáde, kí wọ́n má padà wọlé, kí wọ́n pe ìrànlọ́wọ́.

Àkọsílẹ̀ tó wà lórí físà ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, tó lóyún, tàbí tó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, lè ní kí ilé iṣẹ́ iná rẹ̀ kọ orúkọ òun sínú ìwé àwọn oníbàárà tó nílò ìtọ́jú pàtàkì, lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2023, Ofgem ka fòníkú-fọ̀ladìde mọ́ àwọn àìsàn tí ilé iṣẹ́ kò fi gbọdọ̀ fipá gbé mítà asanwó-ṣáájú wọ ilé ẹni tó jẹ gbèsè. Kí ẹni tọ́rọ̀ kàn gba ìwé lọ́wọ́ dókítà rẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà kí òtútù tó dé.