“WILL”: ṢÉ “YÓÒ” NI TÀBÍ “FẸ́”?

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́
Bíbélì kíkà: Mátíù 8:1-3, Lúùkù 13:34, Jòhánù 5:39-40
Ẹsẹ àkọ́sórí: Jòhánù 6:37

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan tí àwọn ọmọ wa ń sọ lójoojúmọ́, tí ó sì kún inú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ náà ni “will.” Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni gírámà ń wá ní ìpàdé àwọn ìyá? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní ìpàdé kan tí àwa láti Àkúrẹ́ lọ bá àwọn ìyá ní Oǹdó ṣe, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni oníwàásù wa sọ, èmi ni mo sì ń ṣe ògbufọ̀. Nígbà tí ó ka Jòhánù 5:40, “will not” ni mo gbọ́, mo sì yára túmọ̀ rẹ̀ sí pé àwọn ènìyàn náà “kì yóò wá” sọ́dọ̀ Jésù. Nígbà tí a jókòó sí ìdí oúnjẹ, ìyá àgbà kan wá bá mi, omi ti lé ròrò sí ojú rẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, ọmọ mi tó wà ní Èkó kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ṣé Jésù ti wá sọ pé kò ní wá mọ́ láéláé ni?”

Àyà mi já. Mo ní kí Màmá jẹ́ kí n wo Bíbélì Yorùbá ọwọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni “fẹ́.” Wọn kò fẹ́ wá ni. Jésù kò sọ pé ilẹ̀kùn ti tì. Ọkàn wọn ni ó ń kọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ Màmá pé èmi ni mo ṣì í túmọ̀. Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n ní, “Bó bá jẹ́ pé kò fẹ́ ni, ẹni tí kò fẹ́ lánàá lè fẹ́ lọ́la. N óò máa gbàdúrà lọ.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré lè pa ìrètí ènìyàn, ó sì lè jí i dìde.

1. ÌTUMỌ̀ “WILL” NÍNÚ ILÉ WA

(a) Ohun tí ń bọ̀. Bí ọmọ bá sọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé òjò “will” rọ̀, “yóò” ni. Àsìkò nìkan ni ó ń sọ.
(b) Ìlérí àti ìpinnu. “I will pay on Friday” ni “Màá san án ní ọjọ́ Ẹtì.” Àsìkò wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ de ara rẹ̀.
(d) Ìfẹ́ inú tàbí kíkọ̀. Bí a bá gbé ọmọ lọ sí ọsibítù tí a sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé “he will not eat,” a kò sọ nípa ọ̀la. Ohun tí a ń sọ ni pé ó kọ̀, kò fẹ́ jẹun. Mọ́tò pàápàá lè “will not” ṣíṣẹ́ ní òwúrọ̀. A ó ní mọ́tò náà kọ̀.
(e) Ẹ̀bẹ̀ tàbí àṣẹ pẹ̀lẹ́. “Will you close the door?” kì í ṣe ìbéèrè nípa ọjọ́ iwájú. “Jọ̀wọ́ bá mi ti ilẹ̀kùn” ni. Ọmọ tí ó dáhùn “Yes” tí ó sì jókòó síbẹ̀ kò tíì gbọ́ ohun tí a wí.
(ẹ) Ohun tí ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Epo “will” léfòó lórí omi: epo a máa léfòó.

Ẹ wò ó bí Yorùbá ti pín wọn: yóò, màá, fẹ́, kọ̀, jọ̀wọ́, a máa. Ẹnu kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì fi sọ gbogbo wọn.

2. IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ TI WÁ

Ní àtijọ́, “fẹ́” gan-an ni ìtumọ̀ “will” lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Jámánì, tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀, ṣì ń lò ó bẹ́ẹ̀: bí ará Jámánì bá sọ pé “ich will,” “mo fẹ́” ni ó wí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìwé ìpíngún ní “will”: ohun tí olóògbé fẹ́ ni a kọ sínú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà di ti àsìkò. Nígbà tí a tẹ Bíbélì King James jáde ní 1611, ó ti ń ru ẹrù méjèèjì.

Ṣùgbọ́n Gíríìkì tí a fi kọ Májẹ̀mú Tuntun ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ fún “fẹ́,” èyíinì ni “thelo.” Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther kọ́ Gíríìkì. Nínú Bíbélì Yorùbá tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tí ó parí ní 1884, a rí “fẹ́” kedere ní ọ̀pọ̀ ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti lè ṣì wá lọ́nà. Ẹ má ṣe fojú kéré Bíbélì Yorùbá yín.

3. Ẹ JẸ́ KÍ A WO ÌWÉ MÍMỌ́

Mátíù 8:2-3. Adẹ́tẹ̀ náà kò ṣiyèméjì pé Jésù lágbára. Ohun tí kò dá a lójú ni bóyá Jésù fẹ́. “I will” ni ìdáhùn Jésù ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá jẹ́ “yóò” lásán ni, adẹ́tẹ̀ ì bá padà sílé lọ máa retí ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n “fẹ́” ni: Jésù na ọwọ́, ó fi kàn án, ó sì mọ́ lójú ẹsẹ̀.

Lúùkù 13:34. Jésù fẹ́ kó àwọn ọmọ Jerúsálẹ́mù jọ bí àgbébọ̀ adìẹ; àwọn ni kò fẹ́.

Ìfihàn 22:17. Omi ìyè wà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́. Èyí ni ohun tí John Wesley wàásù rẹ̀ ní Bristol ní 1739, pé oore-ọ̀fẹ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ènìyàn.

Fílípì 2:13. Ẹni tí kò bá fẹ́ ńkọ́? Pọ́ọ̀lù ní Ọlọ́run ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú wa láti fẹ́ àti láti ṣe. Nítorí náà, ìyá tí ó ń gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀ kò ṣe lásán. Kí ó bẹ Ọlọ́run pé kí ó fi ìfẹ́ náà sí ọmọ nínú.

Jòhánù 6:37. Níbí ni “yóò” wà ní tòótọ́, nítorí ìlérí ni. Ẹni tí ó bá wá, Jésù kì yóò lé e. Ẹ fi èyí wé 5:40. “Kò fẹ́” ti ènìyàn lè yí padà, ṣùgbọ́n “kì yóò” ti Jésù kò ní yí padà.

4. Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ní Mátíù 21:28-31, ọmọ kan kọ̀ fún bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ronú, ó sì lọ. Èkejì gbà, kò sì lọ. Mélòó nínú “màá wá” àti “màá san” tí a ń sọ ní ìpàdé ni ó ní “mo fẹ́” nínú? Nígbà ìgbéyàwó, tí ìyàwó bá dáhùn “I will” ní Gẹ̀ẹ́sì, kò ní òun ṣì ń bọ̀ wá gba ọkọ òun. Ó ní òun fẹ́, òun gbà, tọkàntọkàn. Kí gbogbo ìlérí wa fún Ọlọ́run rí bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin “ọmọ mi kò fẹ́ wá” àti “ọmọ mi kò ní wá mọ́”? Èwo ni a máa ń sọ nínú ilé wa?
2. Ìlérí wo ni a ti ṣe fún ẹgbẹ́ tàbí fún aládùúgbò tí a kò tíì mú ṣẹ?
3. Dárúkọ ẹnìkan tí a ó máa gbàdúrà fún títí di ìpàdé tí ń bọ̀, kí Ọlọ́run fún un ní ìfẹ́ láti wá.

ÀDÚRÀ: Olúwa, ìwọ fẹ́ wa kí àwa tó fẹ́ ọ. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń kọ̀, jọ̀wọ́ rọ ọkàn wọn. Àwa tí a ti sọ pé “màá ṣe é,” fún wa ní agbára láti ṣe é. Ní orúkọ Jésù. Àmín.