Oró tí ń Sùn nínú Ọ̀rá Ẹja

Bí a bá da Gámálínì sí odò, kò ní í pẹ́ tí òkú ẹja yóò fi léfòó. Gbogbo wa ni a mọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹja tí ó kú kọ́ ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò, bí kò ṣe èyí tí ó yè.

Oògùn kòkòrò kókò ni Gámálínì 20. Lindane ni èròjà inú rẹ̀. Orúkọ van der Linden, onímọ̀ kẹ́míkà ará Netherlands, ni wọ́n fi sọ ọ́. Àwọn kan ni ó gbé e kúrò lóko lọ sétí odò, tí wọ́n sọ ọ́ di ohun ìpẹja. Lóòótọ́, àwọn àgbà náà a máa gún ewé olóró sómi láti fi pẹja, ṣùgbọ́n láàrin ọjọ́ mélòó kan, oòrùn àti omi yóò ti ba oró ewé jẹ́. Gámálínì kì í tètè bàjẹ́. Àgbàrá òjò lè gbé e láti oko dé odò Ọ̀yán, tàbí odò Ògùn tí àwa ará Òwu àti gbogbo Ẹ̀gbá jọ ń jẹ ẹja inú rẹ̀.

Oró yìí kò fẹ́ràn omi, ọ̀rá ni ó fẹ́ràn. Bí ó bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àrọ̀, inú ọ̀rá ni yóò lọ fara pamọ́ sí. Ẹ̀dọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà, ìjà náà a sì máa jẹ agbára. Ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ tọ́jú de ọjọ́ ìnira a dínkù. Oúnjẹ tí ìbá di ẹran ara a bá ìjà lọ. Ìdí nìyí tí irú ẹja bẹ́ẹ̀ fi lè máa jẹun kí ó má dàgbà.

Nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n ńkọ́? Ọ̀rá ara rẹ̀ ni ẹja ń jẹ nígbà náà. Bí ọ̀rá ti ń yọ́ ni oró ń padà sínú ẹ̀jẹ̀, tí ó sì lè dé ọpọlọ. A sì tún máa bá ọ̀rá wọ inú ẹyin. Ní Lake George ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1960, DDT, tí òun náà ń sá sínú ọ̀rá, ṣe irú èyí: ẹyin pa, ọmọ ẹja jáde, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń jẹ pupa ẹyin tí ó kù lára wọn tán ni wọ́n ń kú. Oúnjẹ tí ìyá wọn dì fún wọn ni ó pa wọ́n.

Ọdún 2004 ni Nàìjíríà wọ inú àdéhùn Stockholm. Ní 2009, wọ́n fi lindane kún àwọn èròjà tí a kò gbọdọ̀ lò lóko mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti wọ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò kò gbọ́ òfin, inú ẹrẹ̀ náà gan-an ni àrọ̀ sì ti ń wá oúnjẹ.