"Láti", "Kí" àti "To": Ọ̀nà Ìkọ́ni ní Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gẹ̀ẹ́sì fún Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Ìfáárà

Nínú ẹ̀ka-èdè Èkìtì, "ulé" ni a ń pe ilé. Ọmọ Ìjerò, Àrámọkọ tàbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè a ti máa fi ẹ̀ka-èdè sọ̀rọ̀ kí Yorùbá àjùmọ̀lò tó dé, kí Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀lé e. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kọ "She enjoys to read", olùkọ́ mìíràn a kà á sí olódo. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé àṣìṣe náà ní orísun, àti pé Yorùbá gan-an ni a lè fi tún un ṣe.

Ìtúpalẹ̀

Àwọn onímọ̀ gírámà ti ṣàlàyé pé "ní" àti "àti-" ni ó para pọ̀ di "láti". "Àti-" sì ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ. Ó sábà máa ń bá "to" dọ́gba:

(1) Adé pinnu láti lọ. Ade decided to go.

Ṣùgbọ́n "fẹ́" lè ṣe é láìsí "láti". "Want" kò lè ṣe é láìsí "to":

(2) Adé fẹ́ lọ. Ade wants to go.

Bí olùwà bá di méjì, Yorùbá a mú "kí" wá:

(3) Adé fẹ́ kí Olú lọ. Ade wants Olu to go.
(4) Adé jẹ́ kí Olú lọ. Ade let Olu go.

"Kí" kan náà ni ó wà nínú (3) àti (4), ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ "let Olu to go". "Make" náà kì í gba "to", àfi bí ẹni tí a mú ṣe nǹkan bá di olùwà: Olu was made to go.

Ní ti "enjoy", "avoid" àti "finish", àpètúnpè ni olùkọ́ yóò fi ṣe àtẹ̀gùn: "ìwé kíkà" ni "reading". Ẹ wo ìyàtọ̀ yìí:

(5) Ó dúró láti mu omi. He stopped to drink water.
(6) Ó jáwọ́ nínú ọtí mímu. He stopped drinking.

Nínú (5), mímu omi ni ó kàn. Nínú (6), mímu ọtí ti parí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ "láti mu" yàtọ̀ sí "mímu" ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ náà.

Àgbálọgbábọ̀

Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé fífi Yorùbá kọ́ ọmọ kò pa Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lára. Nítorí náà, kí olùkọ́ kọ gbólóhùn méjèèjì sójú pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ó sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti pínyà. Àwọn tí kò bá òfin kankan mu, kí wọ́n há wọn sórí. Ẹni tí a bá fi èdè rẹ̀ là lọ́yẹ̀ kò ní ka ara rẹ̀ sí olódo mọ́.