Fèrè, Fọ́ǹkì àti Abẹ́rẹ́ Àjẹsára

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, àkòrí tí a gbé kalẹ̀ fún ìjíròrò lóṣù yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Kí ni ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ akọrin ilẹ̀ Bràsíìlì? Ẹ ní sùúrù, kí a jọ tú u wò.

Kí ni à ń pè ní fọ́ǹkì níbẹ̀? Orin àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tálákà ni. Ìlú Rio de Janeiro ni ó ti gbilẹ̀, lórí ìlù ẹ̀rọ tí wọ́n gbà láti Miami ní Amẹ́ríkà, kí ó tó tàn dé São Paulo. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó rí jẹ ní ìlú fojú tín-ín-rín wò ó fún ọdún púpọ̀.

Ẹni tí ó la ọ̀nà sílẹ̀ fún irú àwọn akọrin bẹ́ẹ̀ ni Konrad Dantas, ará Guarujá. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, nínú owó adójútòfò tí obìnrin náà fi sílẹ̀ ni ó ti ra kámẹ́rà. Ní 2012, ó ṣí ìkànnì KondZilla sórí YouTube. Láti ìgbà náà, ọmọ tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn ti rí ibi tí ayé yóò ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni MC Fioti, ọ̀dọ́mọkùnrin ará São Paulo. Oṣù kẹta ọdún 2017 ni fídíò orin rẹ̀, “Bum Bum Tam Tam”, jáde. Ìlù àti fèrè kan ṣoṣo ni ó gbé e ró. Ẹ sì wo ibi tí fèrè náà ti wá: inú iṣẹ́ Johann Sebastian Bach, ará Jámánì tí ó kú ní 1750! (Ajogún rẹ̀ kankan kò sí tí yóò bèèrè owó.) Nígbà tí ó fi di 2018, iye ìgbà tí a ti wo fídíò náà ti pé bílíọ̀nù kan, èyí tí fídíò ará Bràsíìlì kankan kò tíì dé rí. A kò sọ pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dára o. Ọ̀rọ̀ ìdí jíjó ni, a kò sì ní fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kí ni òkìkí wúlò fún? Ibí gan-an ni ẹ̀kọ́ wa wà. Ní oṣù kẹwàá 2020, Ààrẹ Jair Bolsonaro fagi lé àdéhùn láti ra CoronaVac, abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà tí Ilé-ẹ̀kọ́ Butantan ní São Paulo ń ṣe pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Sinovac ti Ṣáínà. Ìfura gbilẹ̀ láàárín ará ìlú. Nígbà tí ó fi di àárín oṣù kìn-ín-ní 2021, àwọn tí àrùn náà pa níbẹ̀ ti lé ní 200,000. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 2021, àjọ Anvisa fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ náà.

Àwọn ènìyàn ti ṣàkíyèsí pé “Butantan” àti “bum bum tam tam” fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba létí. Wọ́n ń fi í ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n Fioti kò fi í mọ sí àwàdà. Ó yí ọ̀rọ̀ orin náà padà, ó ní kí wọ́n lọ gba abẹ́rẹ́, ó sì wọ inú ọgbà Butantan lọ ya fídíò tuntun ní oṣù kan náà. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ṣe abẹ́rẹ́ náà jó nínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn wọn. Fèrè Bach kò yí padà.