Bọ́ọ̀lù Tí Ń Dá Omi Ẹja Padà Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa tó ń sin ẹja àrọ̀ ní Mọ́níyà, Ìyànà Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá, Akánran àti gbogbo abúlé tó yí wọn ká, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní táǹkì ẹja lẹ́yìnkùlé, tí ẹ sì tún gbọ́dọ̀ lọ sóko ẹ̀gẹ́ tàbí kí ẹ ná ọjà. Lásìkò ọyẹ́, ẹ ó dé nírọ̀lẹ́, ẹ ó bá a pé omi ẹja ti lọ sílẹ̀, àwọn ọmọ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ru bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí bí omi ṣe lè máa wọlé fúnra rẹ̀, láìlo iná mànàmáná.

Ibo ni omi ń lọ?

Oòrùn àti atẹ́gùn ọyẹ́ ló ń fà á. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Táǹkì tó gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 2, bí omi rẹ̀ bá fi mìlímítà 5 péré lọ sílẹ̀ lójúmọ́, lítà 30 ló lọ yẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó di lítà 210. Ó ju dúrọ́ọ̀mù kan lọ!

Ṣùgbọ́n omi nìkan ni oòrùn ń gbé. Ìtọ̀ ẹja, ìgbẹ́ rẹ̀ àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù kò bá a lọ. Bí omi ṣe ń dín kù ni ìdọ̀tí inú rẹ̀ ń le sí i, omi tó kéré a sì tún tètè gbóná lọ́sàn-án. Lóòótọ́, ẹja àrọ̀ lè yọ ẹnu sókè kó mí afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ pé kò sí ohun tó ń ṣe é. Ẹja tí omi ń ni lára kì í jẹun dáadáa o, èyí tí kò bá sì jẹun kò ní tóbi, owó oúnjẹ yín ló ń ṣòfò.

Ohun tí ẹ máa lò

Bọ́ọ̀lù-géèjì ni, irú èyí tí púlọ́ńbà ń fi sínú táǹkì omi ilé. Nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀, bọ́ọ̀lù á bá a lọ sílẹ̀, apá rẹ̀ á ṣí ẹnu páìpù. Bí omi bá gòkè, bọ́ọ̀lù á léfòó, á sì tì í pa. Àwọn tó ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ náà ń lò ó, tiwọn kàn kéré ni. Oníke ni kí ẹ rà, kì í ṣe oníbàbà, nítorí bàbà tó bá ń jẹ sínú omi lè pa ẹja.

Ẹ tún nílò táǹkì omi tó wà lórí pèpéle, tó ga ju ti ẹja lọ, páìpù ìdajì ínṣì, géètì-fáàfù kan tí ẹ ó fi máa ti omi, àti nẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ ṣe máa tò ó

Ibi tí omi ti ń jáde lẹ́nu bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ga ju ojú omi ẹja lọ, ó kéré tán bí ìbú àtẹ́lẹwọ́. Ẹ ní kí púlọ́ńbà tún apá bọ́ọ̀lù ṣe kó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wo èyí o. Bí ẹnu rẹ̀ bá rì sínú omi, tí táǹkì òkè sì gbẹ, omi ẹja lè fà padà sínú páìpù, bóyá táǹkì kan náà sì ni ìdílé yín ń mu.

Ẹ gé ìdí ike kan, ẹ lu ihò sí i lára, ẹ fi yí bọ́ọ̀lù náà ká. Ẹ̀yin náà mọ bí àrọ̀ ṣe ń jà tí oúnjẹ bá balẹ̀. Bí wọ́n bá ń ti bọ́ọ̀lù kiri, omi á máa ṣí nígbà tí kò yẹ.

Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ fi páìpù tó tóbi ju ti ìwọlé lọ sí etí táǹkì fún omi tó bá pọ̀jù, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì dì í lẹ́nu. Ìkún omi 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 gbá ẹja lọ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kò sí páìpù tó lè dá irú ìyẹn dúró, ṣùgbọ́n òjò alẹ́ kan lásán tó láti mú táǹkì kún àkúnya, àrọ̀ á sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Tí òjò bá ti dé dáadáa, ẹ ti géètì-fáàfù náà.

Ohun tí bọ́ọ̀lù kò lè ṣe

Kò lè pààrọ̀ omi. Ibí yìí ni ẹja ti máa ń kú mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́: ojú omi ga, ó dà bíi pé gbogbo nǹkan dáa, àmọ́ ìdọ̀tí àná ṣì wà níbẹ̀. Bí omi bá ń rùn, tí ẹja ń yọ ẹnu sókè ṣáá, tí wọ́n sì ń fi oúnjẹ sílẹ̀, ẹ da omi nù, ẹ rọ tuntun.

Ó tún lè bo jíjò mọ́lẹ̀. Táǹkì tó ń jò á máa gba omi, ẹ̀yin ò ní mọ̀. Ẹ dán an wò báyìí: ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ ti géètì-fáàfù, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí omi dé. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú oòrùn kan náà, ẹ sàmì sí ìyẹn náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bí méjèèjì bá lọ sílẹ̀ bákan náà, oòrùn ni. Bí ti táǹkì bá pọ̀ ju ti bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ dáadáa, ẹ wá birikìlà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo omi ẹ̀rọ ìjọba láti Àṣejìrẹ́ tàbí Ẹlẹ́yẹlé, kiloríìnì wà nínú rẹ̀. Lítà 30 nínú lítà 6,000 kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ omi púpọ̀, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wà ní gbangba fún odindi ọjọ́ kan.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ fọwọ́ tẹ bọ́ọ̀lù náà mọ́lẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ kó léfòó, ó gbọ́dọ̀ dá pátápátá. Bí ó bá ń kán, iyanrìn tàbí èérí ti há sí i lẹ́nu. Ẹ tú u, ẹ fi omi nìkan fọ̀ ọ́, ẹ má fi ọṣẹ kàn án.