Ìbéèrè àti ìdáhùn: Iṣẹ́ síkáànù ní Amẹ́ríkà

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin ní Texas fẹ́ kọ́ iṣẹ́ síkáànù. Ẹnìkan ní kóòsì oṣù mẹ́ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti tó. Ṣé lóòótọ́ ni? – Ìyá Táyọ̀, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá Táyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san owó kóòsì yẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ àti ojú ni. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ní community college, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ ní ọsibítù, níbi tí ọ̀gá yóò ti dúró tì í bó ṣe ń wá ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ọmọ inú oyún lójú ẹ̀rọ. Ọwọ́ tí kò bá tíì di ẹ̀rọ náà mú lára aláìsàn kò tíì kọ́ṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò ARDMS, àjọ tó ń fún àwọn oníṣẹ́ síkáànù ní ìwé ẹ̀rí: ọ̀kan lórí ẹ̀ka tó bá yàn, èkejì, SPI, lórí bí ìró tí etí kò lè gbọ́ ṣe ń di àwòrán. Físíìsì gidi nìyẹn. Kó má fojú di í. Bó bá yege méjèèjì, ó di RDMS, ìyẹn oníṣẹ́ síkáànù tó ní ìwé ẹ̀rí.

Ẹ sọ fún un kó rí i dájú pé CAAHEP, àjọ tó ń fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìlera, fọwọ́ sí ètò ilé-ìwé náà kó tó san kọ́bọ̀.